Ọkọ̀ Ojú Irin Bàbá Àgbà ní Pálọ̀ Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé lẹ́bàá Siluko Road ní Benin, ilé wa nìkan ló ní ọkọ̀ ojú irin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Rélùwéè ò gba Benin kọjá, nítorí náà, ọkọ̀ ìṣeré tí bàbá mi jogún lọ́wọ́ bàbá tiwọn, tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń wá wò. Bí bàbá mi bá ti bánkì dé, tí wọ́n jẹ ẹ̀bà tán, wọ́n á to irin rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa sáré yípo. Àwa ọmọ á káwọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á kúnlẹ̀, á nawọ́ sókè. "Jámánì ni wọ́n ti ṣe é," ni bàbá mi máa ń sọ fún àlejò, àfi bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe.

Wàhálà kan ló wà ńbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pín ogún, àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bọ̀dá Ìbàdàn, náà fẹ́ ọkọ̀ yìí lójú méjèèjì. Ẹbí ní kí bàbá mi máa mú un lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bá sáré mọ́, kó di ti àbúrò. Lọ́dọọdún, bí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Bọ̀dá Ìbàdàn á wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́dún kan, Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, wá lo ìgbà ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fi òrí pa wá lára. Wọ́n wo ọkọ̀ ọkọ wọn, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, ni wọ́n bá fi òrí pa òun náà tinútẹ̀yìn. Eruku ọyẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́, kẹ̀kẹ́ ò mì rárá. "Mo tọ́jú rẹ̀ ni o," ni Màmá Àgbà wí. Ta ló máa bá ìyá rẹ̀ jà? Bàbá mi kàn wọ yàrá lọ, wọn ò jẹun. Ó dùn mí gan-an, torí Bọ̀dá Ìbàdàn ti wà lọ́nà.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi tú ọkọ̀ náà sórí ìwé ìròyìn, wọ́n fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n wá kán epo máṣíìnì ìránṣọ màmá mi sí i. Bí òrí àti ìdọ̀tí ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe kúrò, ọ̀rọ̀ kan yọ lábẹ́ rẹ̀: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Màmá mi ní, "Bàbá Jámánì, ẹ kú iṣẹ́ o."

Bọ̀dá Ìbàdàn dé tòun ti páálí òfìfo lọ́wọ́. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà gbọ̀n díẹ̀, ó gbéra, ó sì yípo. Bọ̀dá Ìbàdàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti léèsì, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n yí i lẹ́ẹ̀kan." Títí ilẹ̀ fi ṣú ni wọ́n jọ ń yí i. Àwa ọmọ ò ráàyè débẹ̀.

Àwọn méjèèjì ti dolóògbé. Ọ̀dọ̀ mi ni ọkọ̀ náà wà báyìí, aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nù ún, epo díẹ̀ náà ni mo ń kán sí i. Àwọn ọmọ mi gbójú sókè lórí fóònù, wọ́n ní, "Mummy, e no get charger?" Láyé ìgbà yẹn, ọkùnrin méjì ló ń du ọkọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́sí, mo bi àwọn ọmọ mi pé ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún, kálukú wọn bá nàka sí èkejì.