Bàbá Mi Ní Kí N Máa Kan Ilẹ̀kùn

Nígbà tí mo kó lọ sí yàrá tí mo háyà ní Ajíbọ́dẹ, mo fi kọ̀ǹpútà mi tó ń lo ètò ìṣiṣẹ́ Linux sílẹ̀ nílé àwọn òbí mi ní Olódò. Orí rẹ̀ ni fọ́tò ìdílé wa àti orin ẹgbẹ́ akọrin ìyá mi wà. Mo fẹ́ ṣètò rẹ̀ kí n lè máa fi láàpútọ́ọ̀pù mi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó tì mí bí mo ṣe ń ṣètò rẹ̀ nílé.

"Tí ìwọ bá lè gba ojú afẹ́fẹ́ wọlé, kí ni yóò dá olè dúró?"

Mo ṣàlàyé pé fáìlì kan tó wà nínú láàpútọ́ọ̀pù mi nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìyẹn tẹ́ wọn lọ́rùn díẹ̀.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní kọ́kọ́rọ́ pàápàá, ó yẹ kó kan ilẹ̀kùn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣe é bẹ́ẹ̀: n kò ní lè wọlé àfi tí ẹni tó wà nílé bá tẹ bọ́tìnnì kan lórí kọ̀ǹpútà náà pé òun gbà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo fi láàpútọ́ọ̀pù mi kan ilẹ̀kùn láti Ajíbọ́dẹ, mo dúró. Kò pẹ́, ojú kọ̀ǹpútà ilé hàn sí mi. Bàbá mi ti ṣí ojú ewé òfìfo kan, wọ́n ń tẹ lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan: "Káàbọ̀. Ìyá rẹ ní ṣé o ti jẹun?"

Mo tẹ èsì sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ kúulé, sà. Mo ti jẹ ẹ̀bà."

"Ọbẹ̀ wo?"

Bí a ṣe lo ọ̀sán ọjọ́ náà nìyẹn. N kò tilẹ̀ ráyè ṣe iṣẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ wọlé.