Oorun Tí Mo Sùn Lórí Koríko Ìnísà

Bí ẹ bá dé Ìnísà, tí ẹ rí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, tí ògiri rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán títí dòní, ẹ rántí mi. Èmi ni mo gbà á là. Oorun ni mo sì fi gbà á là. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá bá mi nílé. Ẹnu mi ṣì mú, eyín nìkan ló dínkù.

Ọdún bíi mélòó kan kí òmìnira tó dé ni. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí èmi àti ìwé tó pínyà, n kò sì bínú sí i. Ilẹ̀ ríro ni iṣẹ́ mi, káàkiri Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Ọkọ́ mi nígbà náà mú débi pé bí mo bá gbé e kọ́ èjìká, koríko ẹ̀bá ọ̀nà á ti máa dọ̀bálẹ̀.

Tíṣà kan wà ní Ìkìrun nígbà náà, obìnrin ni wọ́n. Kò sí ọkùnrin kankan lágbègbè wa tó mọ bí a ṣe ń to àyíká ilé bíi tiwọn. Wọn kì í kọ́lé o. Ohun tó yí ilé ká ni tiwọn: ibi tí igi ìbòòji máa dúró sí, ibi tí ọ̀nà máa gbà, ibi tí omi òjò máa bá lọ. Ọ̀dọ̀ òyìnbó obìnrin kan ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju òyìnbó náà lọ. Òyìnbó náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta níṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá mú wọn dé orí ilẹ̀ tuntun, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èèkàn tàbí okùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣe ni àwọn ọmọ náà á jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa wo ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ń gbà àti ibi tí omi ti gbà kọjá.

“Ilẹ̀ ti ya àwòrán tirẹ̀ tẹ́lẹ̀,” Tíṣà á wí. “Ẹ kọ́kọ́ kà á ná.”

Nígbà tí ìjọ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí Ìnísà, Tíṣà sọ fún ìgbìmọ̀ pé àwọn kọ́ làwọn máa to àyíká rẹ̀. Wọ́n ní àgbà nínú àwọn ọmọ tí àwọn ń kọ́ ni yóò tò ó, ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Baba Ìjọ, tí wọ́n jẹ́ alága, fa irùngbọ̀n wọn.

“A gbọ́,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n bí ti Ìnísà bá bàjẹ́, bírìkìlà kan wà ní Òṣogbo. Ọkùnrin ni. Òun la máa gbé iṣẹ́ ilé ìwé tí à ń kọ́ sí Òkukù fún.”

Ọkàn ọmọ náà sì wà lára ti Òkukù. Ó ti yà á sínú ìwé, ó ká a sáàárín ìwé orin rẹ̀, bí a bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwòrán ló ń wò.

Ilẹ̀ Ìnísà dà gẹ̀rẹ́ wá sí ìdí ògiri. Kí lọmọ yìí ṣe? Ó gbin koríko sí gbogbo rẹ̀! Koríko tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fà nílẹ̀, ní ìdì ìdì, ní ìlà ìlà. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà rú.

“Àbúrò, ṣé ara ẹ yá? Ohun tí à ń bá jà lóko, òun lò ń gbìn síwájú àwọn aboyún? Ejò ńkọ́?”

“Bọ̀dá, gbòǹgbò rẹ̀ ló máa di ilẹ̀ mú. Ẹ ṣáà bá mi máa lé ewúrẹ́.”

Ó bá lọ sí Ìkìrun láti lọ gé pèrègún tí yóò fi ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká. Mo lé ewúrẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣíṣí ilé náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ní tiwa, bí àlejò bá ń bọ̀, ṣe là ń ro àyíká ilé, tí à ń gbá a, tí ilẹ̀ pupa á máa dán. Ilé tí koríko bá yí ká, a ó ní onílé ti kó lọ ni. Àánú ọmọ náà ṣe mí. Mo tọ àwọn ìyá ìjọ lọ, mo ní ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́ kó má bàa tẹ́.

Ní Sátidé, wọ́n dé pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀, orin lẹ́nu. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ilẹ̀ náà ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

“Ó ti wá jọ ibi téèyàn ń gbé!” ni ìyá kan wí.

Èmi ni wọ́n fi igun kan sílẹ̀ fún. Mo ní kí n kọ́kọ́ sinmi díẹ̀ lórí koríko náà. Hàà! Bẹ́ẹ̀dì gómìnà kò lè rọ̀ tó o. Mo sùn lọ. Lójú oorun ni mo gbọ́ tí olórí wọn ń sọ pé, “Ẹ fi ọ̀lẹ sílẹ̀, ẹ ro ó yí i ká.”

Òjò wá rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó gbé ọkọ́ mi lọ, ìlú Igbaye ni mo ti rí i. Ó gbé adìẹ kan tòun tẹyin tó sàba lé, nígbà tó fi máa dé Òkukù, ó ti pa ọmọ mẹ́jọ. Ilẹ̀ tí a ro dán yẹn ya kòtò kòtò, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì wọ́ jọ sí ògiri títí dé ojú fèrèsé.

Ní Mọ́ńdè, ọmọ náà àti Tíṣà dé, pèrègún lórí. Ìgbìmọ̀ ti dúró síbẹ̀.

“Ẹ wò ó,” ni Baba Ìjọ wí. “Tíṣà, kí lẹ rí sọ?”

“Ọmọ náà nìyí, Baba. Èmi kọ́ ni mo niṣẹ́. Ẹ bi í.”

Ọmọ náà sọ ẹrù kalẹ̀. Ó béèrè pé ta ló ro koríko òun. Gbogbo ìyá ìjọ wolẹ̀. Mo ní èmi ni mo pè wọ́n, pé ìrànlọ́wọ́ ni. Mo rò pé yóò sunkún tàbí kó bú mi. Ṣe ló jókòó sínú ẹrẹ̀, tó ń wo ilẹ̀, tó ń wò ó, tí ìgbìmọ̀ sì wà lórí ìdúró. Nígbà tó pẹ́, ó dìde, ó lọ tààrà síbi tí mo sùn sí. Koríko ibẹ̀ ṣì wà, bí mo ṣe sùn ni wọ́n ṣe ro ó yí ká: ó gùn tó mi nílẹ̀, ó na apá méjèèjì.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀pá yín gún ilẹ̀ tí wọ́n ro.” Ọ̀pá wọlé dé ìdajì. “Ẹ wá gún ibí.” Ọ̀pá kọ̀, kò wọlé. “Ilẹ̀ kan náà ni, sà. Òjò kan náà ló rọ̀.”

Baba Ìjọ yíjú sí mi. “Kí ló dé tí ìwọ kò ro ibí?”

“Mo sùn síbẹ̀ ni, sà.”

“A ro ó yí i ká ni!” ni olórí àwọn ìyá ké, ni ẹ̀rín bá gba gbogbo ilẹ̀ náà. Baba Ìjọ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n nu ojú.

“Ọjọ́ mélòó lo fẹ́ fi tún un ṣe?” ni wọ́n bi ọmọ náà.

“Ọjọ́ mẹ́fà, sà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó hú u ló máa gbé e padà.”

Wọ́n gbé e padà. Etí odò Ọ̀tìn ni àwọn ìyá ti ń bu koríko tòun ti yẹ̀pẹ̀. Tíṣà bọ́ bàtà, wọ́n gbé agbọ̀n tiwọn, wọ́n wá dúró síwájú ọmọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́.

“Níbo ni kí n gbé e sí?”

Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́. “Òkè lọ́hùn-ún, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ìlà.”

Tíṣà kò tẹ ìlà. Ojú wọn ń dán ju orí tí a fá lọ.

Ọmọ náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ Òkukù fún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó mú ọmọbìnrin méjì tí òun náà ń kọ́ níṣẹ́ wá, ó ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wolẹ̀. Mo gbé ọkọ́ mi dé tìlù tìfọn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé ẹní kan fún mi.

“Bọ̀dá, ẹ lọ sùn. Bí a bá nílò yín, a ó jí yín.”

Wọn kò jí mi títí iṣẹ́ náà fi parí.