Ẹ̀rọ Tó Wà Nínú Okùn Ìwọ̀

Èmi ni mo mú àbúrò mi ọkùnrin wọ iléeṣẹ́ ìṣó kan ní Sango, níbi tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa lo ọdún mẹ́sàn-án nídìí ẹ̀rọ tó ń gé irin, etí rẹ̀ ti di pátápátá. Kò bá mi jà. Ì bá bá mi jà, ọkàn mi ì bá fúyẹ́.

Òkun ló gbà á sílẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀ pẹja fún ìgbádùn, ni àwa méjèèjì bá ń wọkọ̀ láti Ìjókó lọ sí etíkun Àgbádárìgì ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn ará àdúgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Owó ọkọ̀ yín tó ra páálí ẹja dídì, ẹ tún ń lọ kí èyí tó wà lódò!"

Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe ẹja la ń bá lọ. Àbúrò mi á fi okùn wé ìka, á ní: "Àǹtí, èyí kéré, ó kàn ń tọ́ ìjẹ ẹnu ìwọ̀ wò ni." Kì í ṣì í. Ìka rẹ̀ nìkan ló kù tó fi ń gbọ́ nǹkan láyé, ẹ̀rín rẹ̀ níbẹ̀ sì máa ń dùn mọ́ mi ju ẹja lọ.

Lọ́dún yìí, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Àwọn apẹja etíkun ní àwọn kan ń fi ẹ̀rọ wa yanrìn lábẹ́ omi lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ò tó, àwọ̀n àwọn sì ń bọ̀ lófìfo. Èmi ò rí ọkọ̀ kankan. Omi kàn dúró ni, kò sí ẹyẹ kan lórí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a jókòó títí oòrùn fi mú, kò sóhun tó fọwọ́ kan ìwọ̀. Lójijì, àbúrò mi dìde, ó na okùn náà sí mi.

"Àǹtí, ẹ̀rọ wa ni. Ó wà nínú okùn. Ẹ bá mi dì í mú."

Mo fi wé ìka mi. Ó ń lù lóòótọ́: gbì, gbì, gbì, á sinmi díẹ̀, gbì. Ẹja kan ò lè lù báyẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Ara ògiri ibi tí mo ti ń di ìṣó sí páálí ló ti máa ń lù mí lẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ ju okùn náà nù.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Ojú lọ̀rọ̀ wà, pàápàá fún ẹni tó jẹ́ pé ẹnu èèyàn ló ń wò kó tó mọ ohun tá à ń sọ. Mo rò ó pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gba òkun lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo ṣe gba etí rẹ̀. Mo rọ́jú rẹ́rìn-ín, mo mirí: rárá.

Ó tú okùn náà kúrò lọ́wọ́ mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ara rẹ̀ mú.

"A jẹ́ pé inú orí mi ló wà," ló wí. "Mo rò pé mo ti fi í sílẹ̀ ní Sango."

Mo ń pariwo pé irọ́ ni mo pa, pé mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ dáadáa. Ó ti dijú.