Apẹ̀rẹ̀ Obì Tó Dojú Dé

Obì wẹ́wẹ́ ni Ìdíátù máa ń tò sójú apẹ̀rẹ̀, á wá fi gbànja ńláńlá sísàlẹ̀. Gbogbo ọlọ́bì Ṣàgámù, tí wọ́n ń fi ńláńlá bo wẹ́wẹ́, ń fi í ṣẹ̀sín: "Adojú-apẹ̀rẹ̀-dé!" Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò mọ obì tí kòkòrò ti wọ̀, kó tilẹ̀ máa dán bíi dígí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ṣàkíyèsí pé ẹyin kòkòrò tó bá obì wá láti oko lè fara pamọ́ di ọjọ́ kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn yòókù ń ṣa obì. Òun á dúró di ọjọ́ kẹwàá, á tún un ṣà, á pààrọ̀ ewé gbòdògì tó fi tẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìṣirò mọ̀ pé kí owó há sínú obì fún ọjọ́ mẹ́wàá kì í ṣe ohun kékeré.

Nígbà tí Alhaji Lìádì ṣí sítóò ńlá, tó ń da ìyẹ̀fun apakòkòrò sí obì, tó sì ń tà á lọ́jọ́ kejì, oníbàárà Ìdíátù ku ẹyọ kan: Hussain ará Kánò. Bí òun náà bá lọ, ìsọ̀ di títì nìyẹn.

"Ìyá Kareemat," ni Lìádì wí fún Ìdíátù, "wá máa bá mi ṣa obì. Owó oṣù ń bẹ. Ta ló ń dúró de ọjọ́ mẹ́wàá láyé yìí?"

"Ẹ ṣeun, Alhaji. Obì ni mò ń tà, n kò ta ọwọ́ mi."

Hussain dé, ó dorí kọ sítóò Lìádì. Ìdíátù gbé apẹ̀rẹ̀ kan, ó tẹ̀ lé e.

"Alhaji, ẹ da tiyín sórí ẹní, kí n da tèmi."

"Ta ní ń da apẹ̀rẹ̀ obì sílẹ̀?"

"Ẹni tí kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ ni."

Ó da tirẹ̀ gbì! Gbànja pupa ńláńlá ló bọ́ sókè. Hussain fọwọ́ ara rẹ̀ da ti Lìádì: wẹ́wẹ́ ló bò ó, òmíràn ti bu. Ó gé ọ̀kan jẹ, ó tu ú dànù.

"Màmá, apẹ̀rẹ̀ mélòó lẹ ní?"

Lọ́sẹ̀ kejì, Lìádì náà to obì wẹ́wẹ́ sójú apẹ̀rẹ̀. Hussain ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá.

"Alhaji, àwọn ńlá dà?"

Ni Lìádì bá ránṣẹ́ sí Ìdíátù pé kí ló ń fi àtàǹpàkò ṣe gan-an.

"Ẹ ní kó mú ọmọ rẹ̀ wá kọ́ṣẹ́," ni Ìdíátù wí, kò gbójú kúrò lára obì. "Ọdún mẹ́ta ni. Kó tó gba fúrídọ́ọ̀mù, èmi á ti rí ọgbọ́n mìíràn dá."