Ògùrọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Kò Mu

Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí wáìnì òyìnbó tí owó mi ò ká ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òórùn ògùrọ̀ nìkan ló ń mú inú mi korò.

Ọ̀sán kan nígbà èwe mi, tí oòrùn mú janjan, bàbá mi gbé ògùrọ̀ dé láti àfonífojì wa, oyin ń kùn lórí rẹ̀. Wọ́n bu fún ẹ̀gbọ́n wọn àti àlejò tó mú wá.

Àlejò mu tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ò gba ahá.

"Inú ń run mí, àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo fi májèlé sí i ni?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo sáré lọ bu omi fún aláìsàn wa.

Àṣé àárọ̀ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n wọn ti ta àfonífojì wa fún àlejò, ìyẹn ni kò fi lè bá àbúrò tí ó rẹ́ jẹ mu.

Bàbá mi mu ìpín ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ní kí Ọlọ́run wo ẹ̀gbọ́n àwọn sàn.