Ẹja Ìjọba Nínú Odò Wa

Òórùn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ bàtà ló gbé ọkàn mi padà sílé. Láàárọ̀ Sátidé, a wakọ̀ láti Marietta lọ sí àwọn òkè tó wà ní àríwá Atlanta, torí Tóyìn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ẹja, ní kí n wá wo odò kan. Kí a tó sún mọ́ omi, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí mi.

"Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ bàtà yín. A ò fẹ́ kí omi ibòmíì wọ odò yìí."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ọ̀rọ̀ ìyá mi àgbà gan-an nìyẹn. Ní abúlé wa, ìgèrè tí wọ́n bá fi pẹja nínú odò mìíràn kò gbọdọ̀ kan odò wa àfi tó bá ti gbẹ nínú oòrùn. Fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìgèrè ni apẹ̀rẹ̀ gígùn tí ẹja máa ń wọ̀ tí kì í rọ́nà jáde. Àwa ọmọdé máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé Màmá, bí a ṣe ń pe ìyá àgbà, ń fura sí omi.

Bàbá Ṣadé, bàbá ọ̀rẹ́ mi, ló mọ ìgèrè hun jù. Ẹpìyà inú odò wa ni ìdílé rẹ̀ ń jẹ, òun náà ni wọ́n ń tà. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó dùn débi pé a máa ń rún egungun rẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé ẹja dé nínú dúróòmù. Wọ́n ní ẹpìyà tuntun ni, pé ó máa ń tètè tóbi. Gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Màmá nìkan ló béèrè pé, "Kí ni yóò máa jẹ tí yóò fi tóbi?"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Mi ò bi yín nípa ọkàn mi. Oúnjẹ ẹja ni mò ń béèrè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì da ẹja sódò. Lóòótọ́ ló tóbi. Bàbá Ṣadé gbé ọ̀kan wá fi Màmá ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, a kò rí àwọn ẹpìyà kékeré wa mọ́; àwọn ńlá ti jẹ oúnjẹ wọn tán. Ọ̀gbẹlẹ̀ wá mú kí odò fà, àwọn ẹja àlejò náà sì kú. Bàbá Ṣadé kó ìdílé rẹ̀ lọ, n kò sì fojú kan Ṣadé mọ́. Àwọn kan ní ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Rárá o. Wọn kò kàn dáhùn ìbéèrè Màmá ni.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún Tóyìn, ó ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kó ẹja àjèjì sínú odò tiwọn, kí àwọn apẹja lè rí ńlá pa. Wọ́n ti kó àwọn àjèjì náà kúrò, wọ́n sì ń dá ẹja brook trout, ọmọ odò náà gan-an, padà.

"Ta ló kó àwọn àjèjì yẹn wá?"

Ó wolẹ̀. "Àwọn ọ̀gá wa àtijọ́ ni, Grandma."

"Ta ló wá sọ pé ẹ̀yin ò ṣìṣe báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, ma. Ìdí nìyẹn tá a fi ń padà wá wò ó."

Ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn díẹ̀. Díẹ̀ ni o.

Ó rọra da brook trout kan láti inú garawa sómi, àmì pupa wínníwínní lára rẹ̀. Kíá, ó sá sábẹ́ òkúta. Tóyìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní: "Come out jọ̀ọ́, Grandma fẹ́ rí ẹ."

Wọ́n ní odò abúlé wa ṣì ń ṣàn, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó kù nínú rẹ̀. Mo ní kí Tóyìn fi ẹja yẹn sílẹ̀ síbi tó wà. Tí kò bá tíì fọkàn tán wa, bóyá ìfura yẹn ni yóò jẹ́ kó pẹ́ láyé.