Maṣíìnì Ẹ̀bùn Tó Wà Nínú Dúrọ́ọ̀mù

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń pe ọkọ mi ní "ẹ̀yin". Nínú ohun tí mo ń kọ yìí, "ó" ni màá máa pè é, torí inú ṣì ń bí mi. Akínṣọlá lorúkọ ẹ̀. À ń gbé Sharpstown, ní ilé àjà kejì tí ariwo mọ́tò kì í dá lẹ́yìn ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ páìpù ní Deer Park, níbi tí aṣọ ẹ̀ ti máa ń gba òórùn kẹ́míkà tí ọṣẹ kankan ò lè fọ̀ kúrò. Bí ẹ bá rí i pẹ̀lú akoto lórí, ẹ ò ní mọ̀ pé olùkọ́ ni. Àmọ́ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa ní Fondren Southwest, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé.

Kì í ṣe Bíbélì ló ń kọ́ wọn o. Bíbélì ní olùkọ́ tiẹ̀. Ohun tí Akínṣọlá ń kọ́ wọn ni pé ohun tí ọwọ́ ẹni bá ṣe, ti ẹni ni, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ara ẹ̀. Ìtàn ló fi ń kọ́ wọn, ara ẹ̀ ló sì ti ń hun àwọn ìtàn náà jáde.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ká tó wá sí Houston, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan nílé tó ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Káńsù gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó kọ́ ọ, wọ́n gbà nígbà tó kọ́ ọ tán, wọ́n tún ń gba ti ilẹ̀ tí wọn ò gbá. Lọ́jọ́ kan wọ́n wá fi ọ̀dà pupa ya àmì sára ògiri ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, katapílà dé. Wọ́n ní títì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ọdún kẹtàdínlógún rèé, koríko ló wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹnì kan ya àwòrán koríko náà ránṣẹ́ sí i, ó sì wà nínú fóònù ẹ̀. Ọjọ́ tó bá wò ó, kò ní jẹun.

Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ọba ló máa ń wà nínú gbogbo ìtàn ẹ̀, ọba náà kì í sì í gbádùn. Ọ̀kan wà tó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń hun agbọ̀n máa gbé àkọ́kọ́ wá sí ààfin, kí òun lè wò ó bóyá ó le dáadáa, torí ìfẹ́ tí òun ní sí ará ìlú. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n gbé ìkejì wá fún àwọn ìjòyè tó ń bá òun wò ó. Ìkẹta di ti àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ èyí tí wọ́n ti gbà. Obìnrin tó ń hun agbọ̀n bá káwọ́ gbera, kò hun nǹkan kan mọ́. Nígbà tí iṣu ọba ta lóko, kò sí agbọ̀n tí wọ́n máa fi kó o, ọba bá bọ́ agbádá, ó fi di iṣu, ó gbé e rù, erùpẹ̀ kún irùngbọ̀n ẹ̀. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi ṣubú lórí àga. Níbikíbi tí Akínṣọlá bá ti sọ pé, "Ọba mú un!", àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ pariwo pé, "Ṣé ó tọrọ ẹ̀?"

Tó bá parí, á sọ fún wọn pé ajá ló yẹ kí ìjọba jẹ́. Kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa gbó olè. Ọjọ́ tó bá ki ẹnu bọ ìkòkò ọbẹ̀, kí wọ́n lé e jáde. Àwọn òbí fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, mo sì máa ń fi ṣe fáàrí láàárín àwọn ìyá ìjọ.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Ẹ̀bùn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Odindi ọdún kan ló fi bá obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa mójú tó ọmọ ẹ̀, Zion, lẹ́yìn ilé ìwé. Zion kì í ṣe ọmọ tí ènìyàn ń tọ́jú lásán. Ó ti da wàrà sínú bàtà mi rí. Ohun tí Ẹ̀bùn rí nídìí iṣẹ́ yẹn ló fi ra maṣíìnì ìránṣọ àlòkù lọ́wọ́ ìyá àgbà ará Vietnam kan tó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ mọ́ nítòsí wa. Maṣíìnì onírin ni, kì í ṣe oníke. Fóònù ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fìlà sátíìnì tí àwọn ọmọbìnrin fi ń sùn, kó tó di pé àwọn ìyá ìjọ ń gbé aṣọ funfun wá kó fi rán sùtánà àwọn ọmọ wọn.

Ìkórè àwọn ọmọdé ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ti gba sùtánà mẹ́fà. Ó ti gé wọn, ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú pépà, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ aṣọ. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi ṣèlérí fún àwọn ìyá wọn pé kò sí ọmọ tí kò ní rí tiẹ̀ wọ̀.

Kò sí ọmọ Nàìjíríà ní Houston yìí tí kò mọ dúrọ́ọ̀mù. Dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù tá a fi ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé ni mò ń wí. Á dúró sí igun pálọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ohunkóhun tó bá sì jókòó sójú kan ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú ilé, inú ẹ̀ ló ń lọ. Bísọ́lá, àbúrò Akínṣọlá, pè láti ilé pé òun ti ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, òun ò ní maṣíìnì. Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, nígbà tí Ẹ̀bùn ti lọ sílé ìwé, tí Akínṣọlá ò tíì lọ síbi iṣẹ́, ó tú ẹrù dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó gbé maṣíìnì ọmọ ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó wá kó ọṣẹ, bàtà àti aṣọ lé e lórí.

Mo rí i. Mo bi í pé, "Ṣé Ẹ̀bùn mọ̀ sí i?"

Ó ní, "Ọmọdé ni. Màá ra tuntun fún un."

Ọmọrí dúrọ́ọ̀mù ò fẹ́ wọlé. Ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó fi òrùka irin dè é lẹ́nu. Mo ń sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Nígbà tó di aago méjì, àwọn ọmọ Kamaldeen, ẹni tó ń bá wa kó ẹrù sí ọkọ̀ òkun, ti wá yí i lọ.

Ẹ̀bùn dé. Ó wọ yàrá ẹ̀, ó jáde. "Mọ́mì, where's my machine?"

Mo ní, "Bi dádì ẹ." Ohun tí mo sọ nìyẹn, mo sì yíjú sí ìkòkò ìrẹsì.

Nígbà tí bàbá ẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò jẹ́ kó bọ́ bàtà. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, my machine ńkọ́?"

"Mo ti fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Bísọ́lá. Ó nílò ẹ̀ jù ẹ́ lọ. Màá ra òmíràn fún ẹ tó bá di month-end."

"But Harvest is in two weeks! Mo ti promise wọn!"

"Ṣé èmi lò ń pariwo mọ́ bẹ́ẹ̀? Ta ló ń san rent ilé yìí? Bed tó ò ń sùn lé, ta ló rà á? Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Kí lo ní nínú ilé yìí?"

Ẹ gbọ́ mi o. Ọkùnrin tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, tó ń fi ọba ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọmọ ọlọ́mọ ní gbogbo Sátidé, òun náà ló ń bi ọmọ ẹ̀ pé kí ló ní! Orí mi gbóná. Mo jáde sí bákónì, mo di irin ibẹ̀ mú bíi pé mo fẹ́ fà á tu, mo sì dákẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà nílé wa lọ́jọ́ náà, orí ọmọ sì wọ́.

Ẹ̀bùn ò sunkún. Ó mú abẹ́rẹ́ lásán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán sùtánà. Títí di ọjọ́ Fúráìdeè, apá kan ṣoṣo ló parí, ìka ẹ̀ sì ti wú. Mo ní kí n bá a rán díẹ̀, ó ní rárá, mi ò mọ bí òun ṣe fẹ́ ẹ.

Ní Sátidé, Akínṣọlá dúró níwájú àwọn ọmọ bí ìgbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo jókòó lẹ́yìn. Ìtàn ọba kan tó mú ọkọ̀ ojú omi apẹja kan ló ń sọ. Ìlú kejì nílò ọkọ̀, ọba sì ní òun máa ra òmíràn fún apẹja náà tó bá yá. Mo ń wò ó lójú. Ó dá mi lójú pé kò gbọ́ ohun tí ẹnu ara ẹ̀ ń sọ.

"Ọba mú un!" ló wí.

"Ṣé ó tọrọ ẹ̀?" ni wọ́n pariwo.

Ẹ̀bùn nìkan ni kò pariwo. Ó dìde. "Dádì, tí king yẹn bá jẹ́ bàbá ẹnì kan ńkọ́?"

"Jókòó, Ẹ̀bùn."

"Tí ó bá ní òun máa ra another one, ṣé it's okay nìyẹn?"

"Mo ní kó o jókòó!"

Kò jókòó. Gbogbo ọmọ yíjú sí i, wọ́n tún yíjú sí bàbá ẹ̀. Zion, tó máa ń bá Ẹ̀bùn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ, rò pé ìtàn ṣì ń lọ, òun nìkan ló fi ohùn tín-ín-rín pariwo pé, "Ṣé ó tọrọ ẹ̀?" Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Akínṣọlá ò parí ìtàn náà. Ó ní kí wọ́n máa lọ ṣeré.

Nígbà tí a ń padà lọ, Akínṣọlá ló ń wa mọ́tò. Nígbà tí a dé ibi tó yẹ kó ti yà sílé, kò yà. Ó gba Southwest Freeway títí dé ilé ìkẹ́rùsí Kamaldeen. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bó ṣe máa ń pọ̀ ní Sátidé. Kálukú dúró ti dúrọ́ọ̀mù ẹ̀. Kamaldeen jáde pẹ̀lú bírò létí.

"Ah, Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ káàbọ̀ sà. Monday la máa load container. Tí ẹ bá ṣí tiyín báyìí, ó di next month o."

"Ẹ bá mi ṣí i," ni Akínṣọlá wí.

Ó ń kó ẹrù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sórí sìmẹ́ǹtì, ọṣẹ, bàtà, aṣọ, lójú gbogbo èèyàn. Ó yẹ kí n ràn án lọ́wọ́ tàbí kí n pa ẹnu mi mọ́. Ìbínú tí mo ti ń gbé mì láti Wẹ́sídeè ló gba ẹnu mi jáde. Mo pariwo pé, "Ẹ máa tú u! Ẹ jẹ́ kí ayé rí i! Ohun tí káńsù ṣe fún yín lẹ ṣe fún ọmọ yín! Tí káńsù bá jẹ́ olè, kí wá ni ẹ̀yin?"

Akínṣọlá dúró pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́. Kò pariwo.

"Bùnmi, ta ló bá mi tẹ ọmọrí ẹ̀?"

Ẹ̀bùn wò mí. Kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rí i lójú ẹ̀ bó ṣe ń mọ̀ ọ́n, tó ń rántí èmi àti ìkòkò ìrẹsì mi.

Wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, maṣíìnì jáde, kò sí ohun tó ṣe é. Akínṣọlá dojú kọ ọmọ ẹ̀, níwájú Kamaldeen, níwájú èrò. Ó ní, "Ẹ̀bùn, mi ò tọrọ ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ò dáa. Má bínú." Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì gbọ́ kí bàbá kan sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ní gbangba.

Ẹ̀bùn mi orí pé òun gbọ́. Ó ní, "Àǹtí Bísọ́lá can call me. Tí wọ́n bá fẹ́ machine, kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé maṣíìnì náà. Mo na ọwọ́ láti bá a gbé e. Ó ní, "Leave it, Mọ́mì." Òun nìkan ló gbé e dé ìdí mọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e kalẹ̀ kó lè sinmi, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo dúró lẹ́yìn ẹ̀ bí àlejò.

Ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wọ sùtánà tuntun ní ọjọ́ Ìkórè. Akínṣọlá ṣì ń pa ìtàn, Ẹ̀bùn sì ti ń bá a rẹ́rìn-ín. Èmi ló ṣẹ́ kù. Mo ń bínú sí Akínṣọlá pé ó tú mi fó, mo ń bínú sí ara mi pé òótọ́ ló sọ, mo sì tún ń bínú sí ọmọ tí mo bí pé ó ń kí mi kú àárọ̀ bíi pé olùkọ́ ilé ìwé ẹ̀ ni mo jẹ́.

Lánàá, mo múra pé màá sọ fún un pé kó má bínú. Mo dé ẹnu yàrá ẹ̀, mo ń gbọ́ ìró maṣíìnì. Èmi tí mi ò kan ilẹ̀kùn rí nínú ilé ara mi, mo kan ilẹ̀kùn.

"Who is it?"

"Mọ́mì ni."

Maṣíìnì dúró díẹ̀. Ó ní, "Not now, Mọ́mì."

Èmi tí mo bí i! Inú bí mi. Ọwọ́ mi ti wà lórí ọwọ́ ilẹ̀kùn, mo sì mọ̀ pé kò tì í. Mo dúró níbẹ̀ títí maṣíìnì fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo wá mú ọwọ́ mi kúrò.